Orúnkún Rab Tennant

Ìbínú Eck Haddow kì í ṣe ìbínú àná. Ó ti wà lára rẹ̀ látìgbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní àárín pápá fún Carnbeg, ìlú awakùsà tí wọ́n bí i sí ní ilẹ̀ Scotland. Bàbá rẹ̀ wa èédú, òun náà wà á, títí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú fi ní kó jáde wá fi bọ́ọ̀lù jẹun lórí koríko. Kò ga, kò sì lè sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá dé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti délé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á á fojú winá.

Lọ́dún tí wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ, orúnkún rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ọ̀gá tó ń darí wọn nígbà náà pe dókítà.

"Abẹ́rẹ́ kékeré ni, Eck. O ò ní mọ nǹkan kan lára."

Lóòótọ́, kò mọ nǹkan kan lára. Ó sáré lórí orúnkún tó ti bàjẹ́ títí rẹfirí fi fọn fèrè. Wọ́n borí, wọ́n sì gbé e lé èjìká. Ìgbà tí oògùn náà dá lára rẹ̀ ló figbe ta. Kò gbá bọ́ọ̀lù gidi mọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Alága ẹgbẹ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní, "Ó ṣe wá láàánú o," ó sì kọjá lọ tòun ti sìgá lẹ́nu.

Netta ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òtútù, ló ń bọ́ ilé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó sú u, ó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Eck, tó o bá máa bínú, fi ìbínú yẹn ṣiṣẹ́. Má gbé e jókòó tì mí nídìí iná."

Eck gbọ́. Ó ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kiri, títí Carnbeg, tó ti já sí ìpele tó kéré jù, fi ké sí i pé kó wá darí àwọn. Crombie, ọkùnrin kan tó ń ta àga àti tábìlì, ni alága tuntun. Eck fi igbe àti èébú gbé ẹgbẹ́ náà sókè. Bó bá ń bínú nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ife tíì á máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi ìrora pamọ́ wọ pápá lábẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ wọn wò láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje.

Wọ́n wá pín ẹgbẹ́ ńlá kan láti Glasgow fún wọn nínú ife ẹ̀yẹ, pé kó wá bá wọn nílé. Ìlú gbóná. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Eck tẹ orúnkún Rab Tennant, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbá àárín pápá. Rab gé ètè jẹ.

"Kò dùn mí, Ọ̀gá."

"Irọ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́! Àwọn ará Glasgow mà ni! Ìyá mi àgbà tí kì í jáde nílé pàápàá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Ibẹ̀ ni Crombie ti wọlé, dókítà kan sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń yọ Rab lẹ́nu díẹ̀. Dókítà á gún un lábẹ́rẹ́, ó parí."

"Alága, ẹ mú ọkùnrin yìí jáde."

"Fara balẹ̀, Eck. Gbogbo ìlú ló wà níta. Rab fúnra ẹ̀ fẹ́ ẹ. Àbí, Rab?"

Rab mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọ̀wọ̀ ṣe tán lẹ́nu Eck nìyẹn.

"Crombie! Àga ni ìwọ ń tà. Bí ẹsẹ̀ àga bá kán, wàá kan òmíràn mọ́ ọn. Níbo lo ti fẹ́ ra ẹsẹ̀ ọmọ yìí, hẹ̀n? Níbo?"

Ó já àpò náà gbà, ó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé sínú òjò. Gbogbo ìgò inú rẹ̀ fọ́ yángá.

Rab ò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Góólù mẹ́ta ni àwọn ará Glasgow gbá sáwọ̀n Carnbeg, àárín pápá sì ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá. Àwọn tó ń kan sáárá sí Eck lọ́sẹ̀ tó kọjá ń ju páì ẹran tí wọ́n jẹ kù lù ú. "Haddow, lọ sílé! Àgbàyà!" Ní ọjọ́ Ajé, Crombie lé e.

Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Rab fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sílé Eck, kò sì gbà láti jókòó.

"Orúnkún tèmi ni, Ọ̀gá! Kì í ṣe tiyín. Ọ̀gá yín àtijọ́ lẹ ń bá jà, ẹ wá fi ara mi ṣe pápá ìjà."

"Rab, o ò mọ ohun tí..."

"N ò fẹ́ mọ̀! Ẹ̀ẹ̀kan ni irú ọjọ́ yẹn máa ń wá bá irú wa. Ẹ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó fa ilẹ̀kùn gbàgà jáde. Netta gbé omi tíì kaná, ó ní, "Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀."

"Mo mọ̀!" ni Eck pariwo. "Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn!"

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Rab, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò kí Eck. Eck náà ń darí ẹgbẹ́ àwọn awakùsà ní ìlú kejì, ó ń bú rẹfirí nínú òjò.

Nígbà tí Rab fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní kó wá darí ẹgbẹ́ kan, ó wá kanlẹ̀kùn Eck.

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ṣì ń bí mi nínú o, Ọ̀gá."

"Máa bínú lọ. Wọlé, òjò ń pa ọ́."

Rab kó ife tíì sórí tábìlì, ó fi ṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Eck wò ó, ó lu tábìlì.

"Mẹ́ta láàárín pápá? Mẹ́ta? Ta ló ṣépè fún ọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná!"

Netta gbé ẹran lílọ̀ àti ọ̀dùnkún síwájú wọn, ó ní kí wọ́n rọra, nítorí àwọn aládùúgbò. Wọn ò gbọ́.