Ọyẹ́ Tó Dí Asiata Lẹ́nu

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ọ̀fà, lẹ́yìn ojú irin, tí ẹ gbọ́ tí obìnrin kan ń bá òbúkọ jà, Asiata ìyàwó mi nìyẹn, ìyá Safiyat, télọ̀. Bí kò bá rí òbúkọ, yóò bá ẹ̀rọ ìránṣọ jà. Ó lawọ́, inú rẹ̀ mọ́. Ẹnu yẹn nìkan ni, ẹnu yẹn ṣá!

Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń sinmi. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ètè Asiata a là. Ì báà fi òrí pa á láàárọ̀, bó bá ti lanu pariwo, ẹ̀jẹ̀ dé. Orí ni yóò wá máa mì bí alángbá, èmi a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ọyẹ́.

Ọkùnrin méjì ti wá fẹ́ Safiyat ọmọ wa, àsìkò òjò ni àwọn méjèèjì wá. Èkíní gbàgbé láti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Èkejì ní iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Háà! Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí èyí tó padà wá nínú wọn.

Lukman, olùkọ́ kan láti Ìjagbo, rí oríire ní tirẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1987 ló kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá, ọyẹ́ ń jà gidi. Asiata ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Alhaja Ràfátù, ìyá Lukman, ní, "Àna wa mà tutù o!" Omi tí mo ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Wọ́n wá dá ọjọ́ yìgì sí oṣù kẹfà, àárín òjò! Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tètè ṣe é, wọ́n ní kí ni ìkánjú?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ yẹn, Safiyat jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó bú sẹ́kún.

"Mọ́mì, mo fẹ́ràn Lukman. Bí òjò bá dé tí òun náà sá lọ ńkọ́?"

Asiata fẹ́ fèsì, ètè kò gbà fún un. Ó kúkú gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà tán. Nígbà tó wá bá mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Safiyat, èmi ni mo bí ọmọ yìí, àṣé mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí."

Ó dùn mí gan-an.

Oṣù kẹfà dé, òjò dé, ètè Asiata jinná. Lọ́jọ́ yìgì, Alhaja Ràfátù tọ́ ìrẹsì wò. "Iyọ̀ yìí mà pọ̀ o. Ta ló tilẹ̀ rán aṣọ ìyàwó? Ó ti fún jù."

Asiata ló rán an! Safiyat di ọwọ́ mi mú. Asiata tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú òrí jáde, ó fi pa ètè bí òjò ṣe ń rọ̀ níta.

Ó ní, "Alhaja, ẹ ṣeun. A ó tún un ṣe."

Wọ́n so yìgì, wọ́n gbé ìyàwó lọ. Bí ọkọ̀ wọn ṣe yà ní kọ́nà báyìí, Asiata fà mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Iyọ̀ wo ló pọ̀? Aṣọ wo ló fún?"

Gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ láti ìgbà ọyẹ́, èmi nìkan ló rọ̀ lé lórí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé inú mi ń dùn. Àárò ohùn yẹn ti ń sọ mí.

"Ẹ ò dáhùn ni? Àbí ètè tiyín náà ti là?"

Mo mi orí.