Géèmù Tó Ní Kí Á Dìde Dúró

Ẹni tó bá ti fi àtàǹpàkò jẹ oyè rí ni ọ̀rọ̀ yìí máa yé jù. Èmi fi tèmi jẹ ẹ́ ní Mòwé, nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń kùn bí àgbà tí oúnjẹ rẹ̀ pẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kan ló wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì kan, fáànù kan lókè, àti àga rọ́bà kan tí wọ́n fi wáyà di apá rẹ̀ tó ti kán. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí wọ́n bá nà, kó dìde, ẹni tó nà án, kó jókòó. Bẹ́ǹṣì wà fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹni tí apá kò ká mọ́ ló ni àga rọ́bà tó wà ní kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lásìkò tí mò ń wí yìí, èmi ni mo ni ín.

Ẹ má wò mí báyẹn. Òótọ́ ni pé mo ti níyàwó nígbà náà, mo ti nírùngbọ̀n, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ń lọ sídìí ayò, àwọn kan ń lọ sídìí ọtí. Èmi ń lọ sídìí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò gbá. Ta ni mo ṣẹ̀?

Páàdì, ohun tí a máa ń tẹ̀ láti fi gbá a, tún ṣe oore kan fún mi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ẹni tí kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì kò mọ iṣẹ́ tó wà nínú ká máa rántí. Mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo ní láti rántí. Ẹnìkan ní kí n júwe ọ̀nà Akútè fún òun, mo ní láti rántí. Bí òsì bá ti sáré ṣáájú, ẹnu á yáa tẹ̀ lé e: "Ẹ má bínú, òsì ni o." Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń di páàdì mú. Nídìí páàdì, kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ pé èwo ni ọ̀tún, èwo ni òsì. Ibẹ̀ nìkan ni n kì í ti í bẹ̀bẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n oníṣọ́ọ̀bù wa, obìnrin, ti òkè òkun dé. Ó gbé ẹ̀rọ géèmù funfun kan wá fún àbúrò rẹ̀. Èyí kò ní páàdì. Ọ̀pá kékeré kan ló ní, tí okùn wà nídìí rẹ̀. Wàá fi okùn náà kọ́ ọrùn ọwọ́, wàá sì máa ju apá bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ohun tí apá rẹ bá ṣe ni ẹni inú tẹlifíṣọ̀n máa ṣe. Wọn kì í jókòó gbá a. Ìdúró ni.

Ẹ̀gbọ́n náà mú èyí tí wọ́n ń fi ohùn darí wá pẹ̀lú. Wọ́n so nǹkan mọ́ mi létí, ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ẹnu mi, wọ́n ní kí n máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ́ni pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Jẹnẹrétọ̀ kùn, wọ́n sá sẹ́yìn. Obìnrin oníbúrẹ́dì tó máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé wa kígbe ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni àwọn ọmọ ogun mi bá yìnbọn.

Ọ̀rẹ́ mi fọkanáísà, ọmọ Ọ̀yọ́, tó wà lórí bẹ́ǹṣì, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Ẹ gbà mí o! Oníbúrẹ́dì ti gba ogun lọ́wọ́ Tíṣà!"

Wọ́n kó ìyẹn padà sínú páálí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá funfun kò padà síbì kankan. Àwọn tí kò di páàdì mú rí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé: àwọn télọ̀, àwọn ìyàwó ilé tó ń ti ìsìn bọ̀, lánlọ́ọ̀dù tòun ti fìlà. Wọ́n ń làágùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ju apá. Àwa mẹ́rin tí a fi páàdì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó wá kí òkú.

"Wọ́n ti sọ géèmù di ijó," ni fọkanáísà wí.

Nígbà tó yá, oníṣọ́ọ̀bù lanu, ó ní, "Ẹ̀yin olóyè, ẹ má bínú. Tẹlifíṣọ̀n kan ni mo ní. Bí ẹ bá ń tẹ páàdì, òòrùn ni àwọn èèyàn yìí ń dúró sí níta. Tóṣù yìí bá ti parí, mo máa gbé ẹ̀rọ àtijọ́ yìí fún ẹnìkan ní Àgbàdo."

Ariwo sọ. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnìkejì. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ló dá wa lẹ́kun. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Wọ́n ti Ìfọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn nítorí orúnkún, dókítà sì ti ní kí wọ́n máa mi ara. Láti ìgbà tí ọ̀pá funfun ti dé ni wọ́n ti ń fi tẹníìsì inú rẹ̀ mi ara. Kò sí ẹni tí wọn kò tíì nà ládùúgbò wa.

"Kí lẹ̀ ń pariwo sí?" ni Bàbá wí. "Ṣebí ẹ̀ ń pe ara yín lọ́gàá géèmù? Géèmù nìyí. Kí ẹnìkan nínú yín nà mí kóṣù yìí tó parí. Bó bá ti nà mí, ẹ̀rọ yín ò ní kúrò níbí."

Ọmọ wọn ní, "Bàbá, ẹ rò ó o."

"Mo ti rò ó."

Àwọn mẹ́ta tó kù yíjú sí mi. Ẹni tó ni àga ló ni ìjà.

Abẹ́ fáànù ni Bàbá máa ń dúró sí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bá wọn du ibẹ̀. Àga mi ló wà ní ọwọ́ òsì wọn, ó dí kọ̀rọ̀ náà pa. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún wọn lèmi dúró sí. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé, apá mi kò dúró gbàṣẹ. Òsì ló jáde, ó sì kọjá fìà níwájú imú Bàbá.

Àwọn èrò orí bẹ́ǹṣì fò dìde.

"Tíṣà!" Oníṣọ́ọ̀bù pariwo bí ẹni pé mo ṣí fìlà lórí bàbá rẹ̀.

"Ẹ má bínú sà, òsì ni." Mo yára gbé ọ̀pá sí ọ̀tún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ ọ̀tún mi dà bí àna ẹni: ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ṣùgbọ́n kì í kánjú. Bọ́ọ̀lù á ti kọjá kó tó kí i. Bàbá nà mí débi pé oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn látojú fèrèsé.

"Tún padà wá, Tíṣà," ni Bàbá wí. "N ò lọ sí Ìfọ̀."

Mo padà lọ. Mo ti pinnu pé ọwọ́ ọ̀tún yìí máa gbọ́ràn, bó fẹ́ bó kọ̀. Mo fi í fọ eyín, mo fi í gbálẹ̀, mo fi í kọ̀wé sójú pátákó títí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi bi mí bóyá ara mi ò yá. Nílé wa ní Ìbàfò, mo gbé ọmọrogùn, mo ń fi í gbá bọ́ọ̀lù tí kò sí.

Ìyàwó mi, tó ń ránṣọ lọ́wọ́, gbójú sókè. "Bàbá ọmọ, kí ni afẹ́fẹ́ ṣe yín?"

"Géèmù ni."

"Ẹ rọra, ẹ má fọ́ gílóòbù. Àmàlà la fi ọmọrogùn yẹn ń rò o."

Bí mo ṣe ń lọ ni Bàbá ń nà mí. Nígbà míì àmì mi máa ń sún mọ́ tiwọn, wọ́n á wá sọ pé, "Má fi agbára ṣe é, dúró dè é," wọ́n á sì tún nà mí lórí ìmọ̀ràn náà. Oṣù ń lọ sópin. Fọkanáísà ti ń fọwọ́ pa páàdì lórí bí ẹni tó fẹ́ rán ọmọ lọ sẹ́yìn odi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó dìde, ó ní òun ni Bàbá. "Ẹ wá fi ibi tí ẹ̀ ń dúró sí hàn mí."

Mo dúró sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo ju òsì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nímú.

"Áà. Òun nìyẹn. Ẹ wá sọ́wọ́ òsì mi báyìí. Ẹ jù ú." Mo jù ú. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló lọ, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. "Ṣé ẹ rí i? Kí ló ń dí yín lọ́wọ́ láti máa dúró síbẹ̀?"

"Àga wà níbẹ̀."

"Àga ta ni?"

Mo nàka sí ara mi. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mú.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Láti kékeré, òsì ni mo fi ń ṣe nǹkan. Ẹ gbà mí láyè kí n dúró sọ́wọ́ òsì yín, kí apá mi má baà kọjá níwájú yín."

Bàbá wo kọ̀rọ̀ yẹn. "Àga ńkọ́?"

"Yóò jáde, sà."

Fọkanáísà gbá mi léjìká mú. "Tíṣà, ẹ rò ó dáadáa. Àga yìí bá jáde, n ò mọ̀ bóyá yóò wọlé mọ́ o."

Mo gbé e fúnra mi. Mo gbé e gba àárín èrò kọjá, mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé níta. N kò tíì yíjú padà tí oníbúrẹ́dì fi ti jókòó sórí rẹ̀. "Ẹ ṣé o, Tíṣà. Ẹsẹ̀ ti ń ro mí látàárọ̀."

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé, òsì mi pàdé rẹ̀ lọ́nà.

"Ẹ̀hẹ́n!" ni Bàbá wí. "Ibi tí o fi apá pamọ́ sí látijọ́ nìyí."

N kò ní purọ́ fún yín pé mo gbá wọn mọ́lẹ̀. Bàbá le. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí mi lápá ògiri, mo fi ìka gbá ògiri, awọ bó. Mo bá wọn dé ibi tí àwa méjèèjì ti dọ́gba, tí ó ku bọ́ọ̀lù kan péré. Wọ́n gbá a, mo fẹ́ sáré sí i, mo rántí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Mo dúró dè é. Lẹ́yìn náà ni mo tó jù ú. Bàbá nawọ́, bọ́ọ̀lù kọjá wọn.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi gbé mi sókè, díẹ̀ ló kù kí orí mi kan fáànù. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún. Wọ́n ní kí ọmọ wọn má gbé ẹ̀rọ wa lọ síbì kankan.

"Bàbá, tẹlifíṣọ̀n kan ni mo ní."

"Kí ẹ̀rọ méjèèjì pín ọjọ́. Wọ́n kúkú ń gbé inú ilé kan náà."

Bí wọ́n ṣe gbé páàdì jáde fún wa nìyẹn. Mo lọ síta lọ wo àga mi. Oníbúrẹ́dì ti na ẹsẹ̀, ó ti gbé búrẹ́dì sórí itan.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀ ń wá nǹkan ni?"

"Rárá o. Ẹ jókòó."

Mo wọlé. Kọ̀rọ̀ yẹn ṣófo, Bàbá sì ń nàka sí i. "Ọ̀la, ibẹ̀ ni kí o tún dúró sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo tíì nà mí."

Mo ní mo gbọ́, sà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri tó bó mi lọ́wọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì di páàdì mú. Fọkanáísà jókòó tì mí, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Tíṣà, ẹni tí wọ́n bá nà, kó dìde. Bí mo bá wá nà yín lórí ilẹ̀ yìí, ibo ni kí n ní kí ẹ dìde lọ?"

Mo ní kó tẹ páàdì rẹ̀.