Bí Mo Ṣe Tún Ètò Ìsìnkú Ìyá Àgbà Ṣe

Nígbà tí ìyá àgbà mi kú, bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ìjọ Aládùúrà ní abúlé wa lọ́nà Àkànrán, fọwọ́ ara wọn tẹ ètò ìsìnkú ìyá wọn sórí fóònù. Wọ́n yọ mẹ́mórì káàdì rẹ̀, wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi, gbogbo ètò náà ti di ìlà kan ṣoṣo. Orin wọnú àdúrà, àdúrà wọnú ìwàásù, ìwàásù wá já síbi jíjẹ àti mímu.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Bàámi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sin ìyá àgbà láìdánu dúró ni?"

"Ìlà ìlà ló wà lórí fóònù mi," ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì mọ̀. Àmì kan ni fóònù fi ń parí ìlà, ṣùgbọ́n méjì ni kọ̀ǹpútà mi ń retí. Kò rí èkejì, ló bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tórí rẹ̀ pé ìbá tún fáìlì kan yẹn ṣe, kó sì jókòó jẹ́jẹ́. Èmi ọ̀gá pátápátá, mo kọ ìlànà kan fún kọ̀ǹpútà pé kó gba inú gbogbo ohun tó wà nínú káàdì náà, kó sì fi àmì kejì kún ibi gbogbo tó bá ti rí àkọ́kọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ń súfèé. Àwọn ìlà tò.

"Ẹ máa fi irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwa tá a mọ̀ ọ́n, Bàámi."

"Ó dáa, ọ̀gá. Fọ́tò ìyá mi ńkọ́? Inú ibẹ̀ náà ló wà."

Ìyá àgbà kì í gbà kí wọ́n ya àwọn ní fọ́tò. Tí wọ́n bá ti rí fóònù, ẹ̀yìn ni wọ́n á kọ sí i. Ẹyọ kan péré ló wà, ti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti fi fóònù yà á kí ikán tó jẹ ti bébà.

Kò ṣí.

Fọ́tò ò ní ìlà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi to fọ́tò jọ, ọ̀pọ̀ ló jọ àmì ìparí ìlà yẹn, ìlànà mi sì ti àlejò bọ ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn. Mo gbìyànjú láti yọ wọ́n, àmọ́ mi ò mọ èyí tí mo fi kún un yàtọ̀ sí èyí tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Mi ò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kankan kí n tó bẹ̀rẹ̀, orí ojúlówó rẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ làálàá, gèlè nìkan ló yọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ eérú lásán.

Bàbá mi tẹjú mọ́ gèlè náà pẹ́. "Ẹ̀dà mìíràn ò sí," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyá kan ṣí ìwé ètò, ó bi bàbá mi pé fọ́tò ìyá dà.

"Ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà ló bá wa tún un ṣe," ni bàbá mi fèsì. Wọn ò pariwo, wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n gbá mi létí.