Gíláàsì Tó Tutù Lọ́nà Abà

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gba ojú fèrèsé wọ inú mọ́tò bàbá mi, Olódò là ń gbé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín, ẹ̀yin àbúrò mi, máa sọ pé ọmọ àná lèmi náà, kí ni mo fẹ́ rántí. Ẹ jókòó. Ilé ìwé ò gbà mí pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ti éésì inú mọ́tò, mi ò tíì rí ẹgbẹ́ mi lágbègbè yìí.

Ọdún yẹn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá bàbá mi. Màmá là ń pè wọ́n. Ojú òsì ti lọ pátápátá, ọ̀tún nìkan ló kù, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí dókítà tó gbà á là. Ọ̀dọ̀ wa ni Màmá wà títí wọ́n fi tú báńdéèjì. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún bàbá mi pé eruku ò gbọdọ̀ kan ojú náà, pé tó bá bàjẹ́ báyìí, kò sí àtúnṣe mọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ti fárígá, wọ́n ní ilé àwọn tó wà lábà lẹ́yìn Erunmu ni àwọn ń lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ bí eruku pupa ibẹ̀ ṣe máa ń dìde bí èéfín.

Àfi ká ti gbogbo gíláàsì. Éésì mọ́tò ọ̀hún ńkọ́? Atẹ́gùn gbígbóná ló ń fẹ́. Tá a bá ti gíláàsì pa nínú oòrùn yẹn, a máa se ìyá arúgbó jinná ni.

Bọ̀ọ̀dá kan tí a jọ ń gbélé ní, "Bàbá, ẹ ṣáà fi gáàsì sí i, ó parí."

Bàbá mi ní, "A fi sí i ṣáájú Iléyá, kò pẹ́ tó fi tán. Níbo ló gbà lọ?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Gáàsì éésì kì í jó tán bíi bẹntiróòlù. Tẹ́ ẹ bá rí i tó dín, ibì kan ló ń jò. Bàbá mi gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì àti éésì. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n kọmpurẹ́sọ̀, ìyẹn kiní tó ń ti gáàsì kiri, á dún kẹ̀, á tún dákẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá gbàgbé. Gáàsì ò tó o mọ́ nìyẹn. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n po ọṣẹ mọ́ omi, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára àwọn páìpù. Èmi ni mo rí i. Níbi tí páìpù méjì ti pàdé, tí eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró, ọṣẹ ń hó.

Mo ní, "Bàbá, ó ń mí níbí."

Rọ́bà róbótó tó wà nínú oríkèé yẹn ló ti sán. Bọ̀ọ̀dá tó ní ká ṣáà fi gáàsì sí i, òun náà ló ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́. Ó bá wa fa gáàsì tó kù jáde, bàbá mi pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n fa inú páìpù gbẹ, wọ́n wá ń jẹ́ kí gáàsì tuntun wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo géèjì. Ara mi ò gbà á. Mo ní kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ sí i kó yá.

"Rọra, ọ̀gá ẹnjiníà," ni bàbá mi wí. "Tó bá pọ̀ jù, kò ní tutù, ó sì lè bẹ́ páìpù."

Nígbà tí atẹ́gùn tutù fẹ́ sí mi lójú, mo jó yí mọ́tò po bíi pé èmi ni mo ṣe é. Ṣé èmi kọ́ ni mo rí ibi tó ń jò ni?

A gbéra. Èmi àti Màmá la jókòó lẹ́yìn, Màmá fi awò dúdú sójú. Wàhálà ò sí títí a fi bọ́ sọ́nà abà. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ ohùn nìkan ni Màmá fi ń dá èèyàn mọ̀. Báyìí, wọ́n ń rí wọn.

"Àbí ìyá elélùbọ́ nìyẹn? Ó ti hewú tó báyìí?" Ọwọ́ wọn ti dé ibi tí wọ́n fi ń yí gíláàsì sísàlẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú.

"Màmá, eruku."

"Fi mí sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Kí n kọjá lójúde èèyàn kí n má kí wọn? Wọ́n á ní mo gun mọ́tò, mo di ìyáàfin."

Òótọ́ ni. Lábà wa nígbà yẹn, ẹni tó bá ti gíláàsì kọjá níwájú ilé yín, ó bú yín ni.

Bàbá mi tẹ búréèkì. Wọ́n dúró, wọn ò ṣí nǹkan kan, wọ́n kàn juwọ́ sí ìyá elélùbọ́ pé kí wọ́n máa bọ̀. Ìyá náà wá fojú lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Màmá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e láti inú, ìyá elélùbọ́ tẹ́ tiwọn lé e níta, wọ́n sì yára fa ọwọ́ wọn kúrò. "Ó tutù." A ò gbọ́, ẹnu wọn la fi mọ̀. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n tún dá ọwọ́ padà.

Bí a ṣe ń dúró láti ojúde kan dé òmíì nìyẹn, tí àwọn èèyàn ń pe ọmọ wọn pé kí wọ́n wá fọwọ́ kan gíláàsì kí wọ́n kí Màmá. Eruku ò kan ojú náà. Òun ni wọ́n fi ń rí mi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí a dé ilé Màmá, gbogbo mọ́tò ti pupa, àmọ́ gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá kún fún ipa àtẹ́lẹwọ́. Mo bu omi kí n fọ̀ ọ́. Màmá ní, "Fi sílẹ̀."

Lónìí, mo ní mọ́tò tèmi, èmi ni mo ń tún éésì ẹ̀ ṣe níwájú ilé mi, ó sì tutù ju ti bàbá mi lọ. Ọ̀nà abà ṣì wà bó ṣe wà. Gbogbo mọ́tò tó ń gbabẹ̀ ló ti gíláàsì, kò sẹ́ni tó ń bínú sí i mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń retí kéèyàn dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń sáré kọjá níbẹ̀, ìyá kan juwọ́ lójúde wọn. Mo ti kọjá tán kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń kí. Mo délé, mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí mọ́tò mi po. Eruku ti bò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí ipa ọwọ́ kan ṣoṣo lára ẹ̀.