Ọkọ̀ Tó Ń Kọ̀ Láàárọ̀

Ọkọ̀ tó bá ń kọ̀ láàárọ̀ tó sì ń jẹ́ lọ́sàn-án, ẹ má tíì bú u. Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti nǹkan ná, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-sáré-sọ.

Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ń mu dísẹ̀lì. Funfun ni nígbà tí mo rà á. Òun ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi fi ń kó ẹrù fún àwọn tó bá ń ṣí láti ilé kan lọ sí òmíràn. Èmi á gbé bẹ́ẹ̀dì àti fìríìjì, òun á fi ìwé ìròyìn di abọ́ àti ife. Tí dígí bá wà nínú ẹrù, orí itan rẹ̀ ló máa ń gbé e sí títí a ó fi débi tí à ń lọ, torí kò fẹ́ gbọ́ pé dígí onídígí fọ́ lọ́wọ́ òun. Láti abúlé Dagenham títí dé Barking, nílùú òyìnbó níbí, òpópó tí a ò já ẹrù sí kò pọ̀. Ìjọba ò tíì mú owó èéfín ọkọ̀ àtijọ́ dé apá ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, àmọ́ gbogbo ayé ti ń sọ pé ó ń bọ̀.

Aládùúrà ni wá. Ìyá wọn kì í jẹ́ kí n sítáàtì ọkọ̀ láìgbàdúrà. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, tí iná kékeré kan tàn níwájú mi, ojú òun náà á ti pa dé. Á dárúkọ àwọn ọmọ láti orí àkọ́bí. Á dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ. Á gbàdúrà fún ẹni tó ni ẹrù, kí ilé tuntun gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Á gbàdúrà fún abọ́. Á wá ní kí Ọlọ́run bo ojú àwọn tó ń lẹ ìwé ìtanràn mọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Tí mo bá fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ lásán, á gbọ́.

"Bàbá wọn, mi ò tíì ṣe àmín."

"Ìyá wọn, àwọn èèyàn ń dúró dè wá."

"Kí wọ́n dúró. Àwa náà ṣáà ń dúró."

Ìgbà tó bá ṣe àmín ni mo tó lè yí i. Ọkọ̀ á gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, á tu èéfín funfun, kó tó dáhùn. Mo rò pé àgbà ló ń dé sí i, bó ṣe ń dé sí àwa náà.

Ìyá wọn kú nígbà ooru. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìyẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí òtútù dé, ẹnì kan nítòsí ọjà Vicarage Field ní Barking pè mí pé kí n wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù òun. Mo jókòó sínú ọkọ̀ ní kùtùkùtù. Ìborùn ìyá wọn wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi níbi tó fi í sí. Mo la ẹnu pé kí n gbàdúrà, ẹnu ò rí nǹkan sọ. Mo bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Mo ti wa ọkọ̀ dísẹ̀lì ńlá láti Èkìtì dé Èkó láyé ọ̀dọ́ mi, mi ò dúró de iná kankan rí. Ooru ilé ti mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ kí awakọ̀ tó jí.

Ọkọ̀ kọ̀. Ó ń yí, ó ń yí, kò dáhùn. Mo pe ẹni tó ni kọ́bọ́ọ̀dù, mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán tí oòrùn ràn díẹ̀, mo yí i títí, ó jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ̀. Mo ra bátìrì tuntun, ó kọ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé ọkọ̀ náà ń ṣọ̀fọ̀ ni, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ó dára kí èèyàn rí ẹni bá ṣọ̀fọ̀, ìbáà jẹ́ ọkọ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin tẹ̀ mí láago láti òdìkejì odò, níbi tó ń gbé.

"Bàbá mi, ọkùnrin kan ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ Sátidé. Tí kò bá sítáàtì, á rà á bí irin àlòkù."

"Tó bá sítáàtì ńkọ́?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bàbá mi? Ta lẹ ó máa bá lọ?"

Mo gbé aago sílẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé tí ọkọ̀ yẹn bá lọ, kò ní í sí ohun tí yóò máa gbé mi jáde láàárọ̀ mọ́. Inú ilé ni màá wà, èmi pẹ̀lú ìró fìríìjì. Kò sì sí ibòmíràn láyé tí ìjókòó ìyá wọn ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀.

Aládùúgbò mi kan wà, Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí, mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá ní Dagenham Dock. Òru ló ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń yí kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ó pa bátìrì yẹn o. Ará Èkìtì, olórí kunkun!"

"Àlàájì, Ìjẹ̀bú wo ló ń sọ̀rọ̀ láìtíì gbowó?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. "Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Ó ń jẹ́."

"Kì í ṣe bátìrì, ẹ̀gbọ́n. Hítà ni."

Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú ihò kọ̀ọ̀kan ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì, púlọ́ọ̀gì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí wọ́n ń pè ní hítà, tó ń pọ́n bí irin inú kẹ́tùlù, òun ló ń mú inú ihò gbóná kí epo tó lè gbiná nínú òtútù. Iná kékeré iwájú mi yẹn, iṣẹ́ hítà ló ń sọ: tó bá kú, ó ti gbóná nìyẹn. Ó yá mi ní gílóòbù kan tó ní wáyà méjì. "Ẹ fa wáyà kan láti orí bátìrì, ẹ fi èkejì kan orí hítà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù bá tàn lórí rẹ̀, ó yè. Èyí tí kò bá tàn, ó ti kú. Mò ń lọ sùn."

Mo tú wáyà wọn, mo sì dán wọn wò. Lórí àkọ́kọ́, gílóòbù tàn. Lórí ìkejì, òkùnkùn. Ìkẹta tàn. Ìkẹrin, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo nu orí rẹ̀, mo tún fi kàn án. Òkùnkùn.

Mo ra mẹ́rin tuntun. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, mo yí ọkọ̀ títí ó fi jẹ́, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, mo pa á, mo da epo sí ìdí àwọn hítà, mo mú sípánà. Mẹ́ta jáde. Ìkẹrin lẹ̀ mọ́bẹ̀. Àlàájì ti kìlọ̀ fún mi: "Tó bá ṣẹ́ sínú, ẹ máa pe onírin àlòkù." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo tì í síwájú díẹ̀, mo fà á padà, mo tún da epo sí i. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé mò ń sọ̀rọ̀ sókè: "Rọra, rọra, ìyá, rọra." Mo wo òpópó. Kò sẹ́ni kankan. Ológbò kan ló ń wò mí láti orí ògiri.

Ó jáde.

Bí Àlàájì ṣe ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀ nínú jalabíà funfun, mo na àwọn òkú méjèèjì sí i. Kò fọwọ́ kàn wọ́n, ó kan tẹ orí ba. Èédú ti gan lé wọn bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ò kú lánàá o. Ó ti pẹ́ gan-an. Báwo lẹ ṣe ń gbé e jáde nígbà òtútù ọdún tó kọjá?"

"Ìyá wọn máa ń gbàdúrà ká tó sítáàtì."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún wo hítà méjèèjì. "Tí iná ti tàn?"

"Tí iná ti tàn."

"Ṣé àdúrà náà máa ń gùn?"

"Àlàájì, ó máa ń gbàdúrà fún abọ́."

Ó tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì. "Ẹ wá rí i. Méjì tó yè yẹn, ó ń fún wọn láyè kí wọ́n gbóná tó ti mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n, Màmá ló ń gbé ọkọ̀ yìí jáde."

Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé àyè yẹn ni, kì í ṣe àdúrà. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo fi àwọn tuntun sípò, mo wọlé, mo fọ ọwọ́ mi. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, yìnyín funfun bo gíláàsì ọkọ̀. Mo ha á, mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Iná tàn, ó sì kú lójú ẹsẹ̀, kí n tó mí. Àwọn tuntun ti gbóná. Wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni dúró dè wọ́n. Ọwọ́ mi wà lórí kọ́kọ́rọ́, mi ò lè yí i.

Àlàájì kan fèrèsé, àpò oúnjẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò tún dáhùn ni?"

"Mi ò tíì bi í."

Ó dúró. Mo di ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí àkọ́bí. Mo gbàgbé ọmọ-ọmọ kan, mo padà lọ mú un. Kò sí ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀, síbẹ̀ mo gbàdúrà fún abọ́. Nígbà tí mo dórí àwọn tó ń lẹ ìwé ìtanràn, mi ò lè parí rẹ̀.

"Àmín o," ni Àlàájì wí láti ìta. "Ẹ yí i, ẹ̀gbọ́n, òtútù ń pa mí."

Mo yí i. Kò gbọ̀n, kò tu èéfín. Ó dáhùn bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Mo ti ń wà á lọ sí apá odò nígbà tí aago mi dún. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n tó gbé e.

"Bàbá mi, ọkùnrin yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín."

Mo wo ìborùn lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi.

"Sọ fún un pé mi ò sí nílé," ni mo dá a lóhùn.