Fóònù Tí Àgbà Mẹ́ta Kò Fẹ́ Gbé

Ọjọ́ kejì tí mo dé ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ifẹ̀ láti tò láìnì fóònù wọn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kọ́ ni yóò yọ mí lẹ́nu. Ohun tí a bá ní kí ẹ̀rọ ṣe ló máa ń ṣe. Èèyàn ló máa ń ní kó hùwà òmùgọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ fóònù sì gbà mí láti dán mi wò. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì kan, màá padà wò ó bóyá òun ni mo tẹ̀. Bí mo bá rí i pé òun náà ni, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ara mi pé kí ló dé tí mi ò gba ara mi gbọ́. Mò ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìgboyà ló gbé mi ṣe ohun tí mo ṣe.

Iṣẹ́ náà kò le. Àpótí kan wà tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Òun ni gbogbo fóònù orí tábìlì wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní íńtákọ́ọ̀mù, so mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń sọ fún un pé fóònù wo ló lè pe ìta, èwo ni kò gbọ́dọ̀ kọjá inú ọgbà, àti ibi tí ìpè yóò yà sí bí ẹni tí wọ́n ń pè kò bá fẹ́ gbé e. Yíyà yìí là ń pè ní dídarí ìpè.

Láìnì kan ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ: èyí tí ẹ̀ka wọn ní Ìpetumodù fi ń pè bí aboyún bá wọ wàhálà, kí áńbúláǹsì lè lọ gbé e wá. Mo béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ti máa dún.

Mátíróònù, tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ní ọ̀dọ̀ òun ni, nítorí òun ló ni aboyún. Inú mi dùn. Ó wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó dún o. Jẹ́ kó yà sọ́dọ̀ Dókítà. Mo ti ń gbẹ̀bí kó tó wọ iléèwé. Ṣé èmi ni màá máa gbé fóònù fún un ni?"

Dókítà àgbà rẹ́rìn-ín. "Darí ẹ̀ sí alákòóso, jàre. Fóònù gbígbé, iṣẹ́ ọ́fíìsì nìyẹn. Èmi kì í ṣe akọ̀wé."

Ó ku alákòóso. Bàbá náà fi ọjọ́ orí ju àwọn méjèèjì lọ, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. "Ẹni tó bá kéré ló ń gbé fóònù. Nílé tiyín, ṣé bàbá yín ló ń dìde lọ gbé e?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Dá a padà sí Mátíróònù."

Ẹ wo ọgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n. Ọ̀kan fi ọjọ́ orí ṣàgbà, ọ̀kan fi ìwé, ọ̀kan fi pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ilé tí kò ní àbúrò kankan, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún àlejò?

"Sà," mo ní, "ìpè náà á kàn máa yípo láàárín ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Kò ní dún lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Tó bá yá, ẹ̀rọ á já a."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wa?"

"Àbí kó kúkú máa dún ní yàrá awakọ̀, sà?"

Ó wò mí bí ẹni tó rí eèrà nínú ṣúgà. "Kí awakọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kí èmi tó gbọ́?"

Mo tò ó bí wọ́n ṣe wí, ṣùgbọ́n mi ò lè kúrò níbẹ̀. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ní mò ń dán an wò. Ẹ̀rù ló dè mí mọ́ àga.

Ní ọ̀sán, nọ́ńbà Ìpetumodù yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó dé ọ̀dọ̀ Mátíróònù, ó yà sọ́dọ̀ Dókítà, ó yà sọ́dọ̀ alákòóso, ó tún padà sọ́dọ̀ Mátíróònù. Ó já. Ó tún wọlé. Ó tún já. Mo bojú wo ìta láti fèrèsé: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé, oníkálukú ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ kí òun.

Mo rò ó pé wọn á lé mi. Mo rò ó pé màmá mi á ní mi ò lè ṣe sùúrù níbi kankan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ẹnì kan wà ní Ìpetumodù tí kò ráyè ro gbogbo ìyẹn. Mo pa ìdarí tó wà lórí láìnì Mátíróònù rẹ́, mo sì kọ nọ́ńbà yàrá awakọ̀ síbẹ̀.

Ìpè náà tún wọlé, fóònù sì dún ní yàrá awakọ̀, lẹ́yìn ògiri ibi tí mo jókòó sí. Bàbá Sàkíru, awakọ̀ áńbúláǹsì, gbé e. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀, mò ń bọ̀." Ó jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó gba àárín àwọn àgbà mẹ́ta kọjá.

"Bàbá Sàkíru, ta ló rán yín níṣẹ́?" alákòóso béèrè.

"Fóònù ni, sà," ó dáhùn, kò sì dúró.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, aboyún tó lọ gbé ti bímọ, òun àti ọmọ rẹ̀ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ara wọn le. Ọkọ rẹ̀ gbé iṣu wá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ìpè wọn. Àgbà pọ̀ lójijì. Dókítà ní ọ́fíìsì òun ni ìpè náà ti kọ́kọ́ dún. Mátíróònù ní láìnì òun ni, ẹ bi ẹ̀rọ léèrè. Alákòóso kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fún mi láṣẹ láti yí nǹkan padà. Nígbà tó rí iṣu náà, ó ní òun lòun fún mi láṣẹ.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, oníkálukú wọn yọ́ wá bá mi. "Láìnì Ìpetumodù yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni kó ti máa kọ́kọ́ dún o."

Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní mo ti gbọ́. Mo ní kí wọ́n ṣáà jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí ẹni tó jẹ́ àgbà nínú wọn, kí n lè fi tirẹ̀ ṣáájú. Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣí i. Èmi ti fi páswọ́ọ̀dù ti ẹ̀rọ náà pa, ìpè Ìpetumodù ṣì ń lọ tààrà sí yàrá awakọ̀, Bàbá Sàkíru kì í sì í jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e.