Ìyá Páìpù àti Ìlà Tó Mọ́ Jù

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá.

Bí ìgbì tó ti òdìkejì òkun wá bá wa lọ́jọ́ náà ṣe ga tó nìyẹn. Kò ju ife omi lọ. Ọ̀pọ̀ ará èbúté dúró létí omi, wọ́n lajú sílẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Páìpù kan ló rí i, àti obìnrin tó ń tọ́jú páìpù náà. Àbúrò màmá mi ni obìnrin ọ̀hún. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe, mi ò ní bu iyọ̀ sí i, mi ò sì ní bu omi là á.

Ìyá Páìpù ni àwọn tó ń já ẹrù lébùúté ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ló ga. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wọn omi òkun. Páìpù irin kan wà níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ó nàró nínú omi, ihò kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò ju kí ìka kan wọ̀ ọ́ lọ. Rúkèrúdò tí ọkọ̀ bá dá sílẹ̀ kò lè gba ihò yẹn wọlé kó tó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n tí òkun fúnra rẹ̀ bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, omi inú páìpù á bá a gòkè. Bọ́ọ̀lù kan léfòó nínú páìpù náà. Wáyà so bọ́ọ̀lù mọ́ gègé, gègé ń fa ìlà sórí bébà tí wọ́n wé mọ́ àgbá kékeré kan, aago sì ń yí àgbá náà jẹ́jẹ́. Ilé pákó kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ ló bo gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Páìpù ń jókòó sí, ibẹ̀ ló ti ń bú òkun.

"Gòkè, jàre, o ti pẹ́," á wí láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán: "Ṣé o ti yó? Ó yá, máa lọ, ọ̀lẹ."

Gbogbo ọlọ́kọ̀ ló mọ̀ pé òkun máa ń gòkè, ó sì máa ń fà lójoojúmọ́. Ohun mìíràn tí páìpù wà fún ni wọn ò mọ̀. Tí ilẹ̀ bá mì lábẹ́ òkun, tó gbé ìsàlẹ̀ òkun sókè, gbogbo omi tó wà lórí rẹ̀ ló máa ṣí nípò, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Sùnámì nìyẹn. Láàárín agbami, ó ń sáré bí ọkọ̀ òfurufú, ẹni tó sì wà nínú ọkọ̀ lókè kò ní mọ̀ pé nǹkan kan gba abẹ́ òun kọjá. Ìgbà tó bá dé ibi tí omi kò ti jìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wúwo, tí yóò wá ga. Níbì kan, ó lè ga ju ilé lọ. Níbòmíràn, bíi tiwa tí erékùṣù kan dí iwájú rẹ̀, ó lè má ju ife omi lọ. Àwọn tó ń ṣọ́ òkun fún gbogbo ayé nílò nọ́ńbà méjèèjì. Nọ́ńbà kékeré ló ń sọ fún wọn ibi tí ìgbì yà sí, bí agbára rẹ̀ ṣe kù sí, àti bí yóò ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn tí kò tíì dé bá.

Ọ̀gá èbúté wa kò bìkítà fún ìyẹn. Ìmọ́tótó ni tirẹ̀. Ó máa ń nu bírò kí ó tó yá ọ lò, tó o bá dá a padà, á tún un nù. Nígbà kan, kí n tó wọ yunifásítì, ó rí bébà Ìyá Páìpù tó fẹ́ lọ sí olú-iléeṣẹ́. Ìlà orí rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Màdáámù, ta ló kọ èyí? Ṣé ọ̀mùtí ni?"

"Òkun ló kọ ọ́, sà."

"Kí òkun tún un kọ."

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ tuntun ti wọ inú iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Ìyá Páìpù á lẹ bébà mọ́ gíláàsì fèrèsé, á fi bébà tuntun lé e, á tún ìlà náà fà. Ibi tó bá gbọ̀n, á tẹ́ ẹ. Lílọ ìlà ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń lọ aṣọ. Èyí tí wọ́n lọ̀ ló ń lọ sí olú-iléeṣẹ́. Wọ́n á sun èyí tó gbọ̀n, torí pé ó dọ̀tí.

Ẹ má rò pé wọ́n fipá mú un. Ó gbádùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dán, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Tí ọ̀gá bá ní ìlà rẹ̀ dà bí irun ìpéǹpéjú tí wọ́n tọ́, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi máa yan.

Èmi lọ sí yunifásítì, mo lọ kọ́ nípa ìgbì òkun. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa gbé ìlà gbogbo èbúté tó yí òkun wa ká sára ògiri, ti ọjọ́ tí ilẹ̀ mì gidigidi. Gbogbo wọn ló ń gbọ̀n. Ọ̀kan ṣoṣo ló tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín wọn.

Olùkọ́ fi ọ̀pá tọ́ka sí i. "Òkun ti àwọn wọ̀nyí ti kú," ó ní. "Ẹ bá mi kí wọn kú ará fẹ́ra kù."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Èmi mọ ọwọ́ tó fa ìlà yẹn. Ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ fún mi ni.

Mo gba ìwé ẹ̀rí, mi ò rí iṣẹ́, mo padà sílé rẹ̀. Orí oúnjẹ ni mo ti sọ fún un.

"Àǹtí, sùnámì lẹ lọ̀ yẹn."

"Kí ni mo lọ̀?"

"Ìgbì tó la gbogbo agbami kọjá. Ẹ fi rúlà pa á rẹ́."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Inú bí i gan-an. "Rúlà kẹ̀? Èmi? Ọwọ́ lásán ni mo fi fà á! Ọ̀mọ̀wé Aláìníṣẹ́, má bà mí lórúkọ jẹ́ nínú ilé mi."

Kò pẹ́ sígbà náà ni àṣẹ dé láti olú-iléeṣẹ́. Wọ́n ní páìpù èbúté wa kò fi sùnámì kan hàn rí, kò wúlò, kí wọ́n wá tú u. Ọ̀gá ti bèèrè ibẹ̀ kí àwọn àlejò rẹ̀ lè máa gbé mọ́tò sí i. Ó ti ra ọ̀dà. Funfun ni. Tí wọ́n bá sì tú páìpù, iṣẹ́ Ìyá Páìpù bá a lọ nìyẹn, torí pé kò sí páìpù mìíràn tí wọ́n máa gbé e lọ bá.

"Tí n bá ti fi àwọn tó dọ̀tí ránṣẹ́ ńkọ́?" ó bi mí.

"Wọn ì bá má tú u."

Ó ní, "Kò burú. Òkun gbọ́dọ̀ mì kí wọ́n tó dé."

"Òkun kì í gba àṣẹ, Àǹtí."

"Èmi ni mò ń bú u lójoojúmọ́. Ó mọ ohùn mi."

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún títú páìpù ni ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìròyìn àwọn aṣọ́kun wọlé sórí fóònù mi: ilẹ̀ ti mì lábẹ́ òkun ní òdìkejì, ìgbì ń bọ̀, yóò kọjá lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án, kò léwu fún wa. Mo sáré dé èbúté. Fómánì tí olú-iléeṣẹ́ rán wá àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń sọ sípánà kalẹ̀ látinú mọ́tò.

"Àǹtí, ó ń bọ̀!"

"Báwo ló ṣe ga tó?"

"Lọ́dọ̀ wa, kò lè ju ife lọ."

"Ife!" Ó pòṣé. "Pẹ̀lú gbogbo èébú tí mo ti bú u, ife ló gbé wá?"

Mo lọ bá ọ̀gá, mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró di ọ̀sán. Ó wo òkun. Òkun tẹ́ bí ilẹ̀ pálọ̀. "Òní ni wọ́n kọ sínú àṣẹ," ó ní. Fómánì mú sípánà, ó kọrí sí ilé pákó. Ìyá Páìpù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A máa ń yà á kí a tó tú u. Olú-iléeṣẹ́ ló ń gbà á."

"Inú rẹ̀ náà?"

"Inú àti ìta."

Ìyá Páìpù kọjú sí ọ̀gá. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀. "Sà, ẹ wá wo inú ibí yìí, kó tó di pé àwọn ará olú-iléeṣẹ́ bá yín wò ó."

Ọ̀gá yọjú. Jàǹkárìwọ̀ wà lórùlé. Òróró ti kán sílẹ̀. Ẹyẹ kan ti ṣe ohun tí ẹyẹ máa ń ṣe sára fèrèsé. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

"Fómánì, ẹ dúró," ó ní. "Màdáámù, ẹ fọ ibí yìí."

Mo ti rí ẹni tó ń fọ ilé. Mi ò tíì rí ẹni tó fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó mú pákó kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Tí ọ̀gá bá nawọ́ sí ibi kan, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á tún un nù. Tí ọ̀gá bá fẹ́ jáde, òun gan-an á wá ibòmíràn fún un.

"Sà, ẹ bá mi wo kọ̀rọ̀ yìí, àbí ojú mi ni?"

"Kì í ṣe ojú yín. Ẹ nù ún."

Ebi ti ń pa fómánì. Ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Màmá, ilé tí a fẹ́ wó lẹ ń fọ̀ yìí o."

"Ṣé wọn kì í wẹ òkú ni?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ara ọ̀gá ò gbà á mọ́. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó mú àkísà, ó bá a fọ̀ ọ́. Ọ̀gá èbúté wa, lórí ìkúnlẹ̀, ló ń fi èékánná ha òróró. Gègé nìkan ni Ìyá Páìpù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́. Èmi ti ki ọ̀pá gígùn sínú omi, mo ń fi ṣí ìkarahun kúrò lẹ́nu ihò páìpù kí omi lè ráyè wọlé.

Níta, èrò ti pé sétí omi, wọ́n gbọ́ pé sùnámì ń bọ̀. Wọ́n ń retí ògiri omi. "Òun dà?" ẹnì kan ń pariwo. "Àbí ó ti yà síbòmíràn?"

Nínú ilé pákó, gègé sọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kò kánjú, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ó dé òkè, ó sọ̀, ó tún mú òkè pọ̀n. Fómánì wọlé, ó wò ó. Ó jáde lọ wo òkun, ó tún wọlé.

"Omi tó wà níta kò mira. Ta ló ń tì í?"

"Ilẹ̀ tó mì láàárọ̀," mo dá a lóhùn, "ní òdìkejì òkun."

Ó rọra dá sípánà rẹ̀ padà sínú àpótí.

Ọ̀gá rí nǹkan kan ṣoṣo. "Ó ti ń ba ìlà jẹ́," ó ní, ó sì na ọwọ́ tó fi mú àkísà láti di gègé mú.

Pà! Àkísà tútù ni Ìyá Páìpù fi gbá a lọ́wọ́. "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Ọ̀gá wo apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Omi dúdú ti ta sí i.

"Màdáámù. Ẹ ta ìdọ̀tí sí mi láṣọ."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ tètè lọ fọ̀ ọ́, kó má baà mú aṣọ."

Ó lọ. Mo fẹ́ kó yé yín: iṣẹ́ ìyá yìí wà lórí gègé yẹn, òkun ń kọ̀wé níwájú ọkùnrin yìí, ó sì lọ fọ apá ṣẹ́ẹ̀tì. Kó tó dé, mo ti ya fọ́tò bébà náà bó ṣe ń gbọ̀n, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́kun.

Èsì wọn yá. Wọ́n ti rò pé erékùṣù iwájú wa yóò pa ìgbì náà. Kò pa á. Wọ́n tún ìṣirò wọn ṣe, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ìyawọ̀ òkun tóóró kan, níbi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀, tí ìgbì náà yóò dé lẹ́yìn tó bá kọjá lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìgbì dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí òkè méjì há a mọ́, ó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ó fọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ túútúú. Àwọn èèyàn ti wà lórí òkè. Kò sí ẹni tó kú.

Wọ́n bèèrè orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n.

"Kọ Ìyá Páìpù sí i," ó ní. "Kọ ọ́ kó tóbi."

Wọn ò tú páìpù mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá tún ní kó lọ ìlà náà. Ó sì lọ̀ ọ́, mi ò tíì rí èyí tó dán tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì, ó ń fi han àlejò: òkun tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́jọ́ tí sùnámì kọjá. Èyí tó gbọ̀n ló lọ sí olú-iléeṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n mo ti wádìí ọjọ́ tí ilẹ̀ mì, èyí tí kíláàsì wa fi ìlà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nítorí àwọn ìlà tí Àǹtí mi ti lọ̀ ṣáájú, àwọn aṣọ́kun gbà pé ìgbì kì í kọjá lọ́dọ̀ wa, wọn ò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn mọ́kànlá ló kú lẹ́bàá ìyawọ̀ òkun yẹn kan náà. Mo sọ ọ́ fún un, mi ò sì sọ ọ́ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn.

"O ò ní dárí jì mí?" ó bi mí.

"Rárá, Àǹtí."

Ó bu oúnjẹ sí abọ́ mi. "Ó dáa. Wá jẹun, oúnjẹ ń tutù."

Ìwọ tó ń kà á, ìwọ náà ní bébà tó o máa ń lọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ. Má wulẹ̀ máa mi orí sí mi. Dìde, mú èyí tó dọ̀tí jáde kí wọ́n tó sun ún, kó o sì fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Lónìí.